Àyẹ̀wò àkàbà kí a tó gùn ún lẹ́nu iṣẹ́: ìbéèrè àti ìdáhùn

Kí ni àyẹ̀wò yìí gan-an? Ṣé kí n kàn fojú wò ó kò tó ni?

Kò tó. Ojú yóò wo àkàbà láti ẹsẹ̀ dé orí, ọwọ́ yóò sì kan gbogbo ibi tí ẹsẹ̀ máa tẹ̀. Ojú lè má rí ìtẹ̀sẹ̀ tó ti tú nínú ihò rẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ tó bá gbìyànjú àtiyí i yóò mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Fún àkàbà tí ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, iṣẹ́ ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta ni. Àkísà kan àti ọ̀bẹ kékeré ti tó irinṣẹ́.

Nínú àwọn ìdáhùn wọ̀nyí, "òpó" ni a pe méjì gígùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, "ìtẹ̀sẹ̀" sì ni àwọn tó dábùú láàárín wọn. Àwọn kan ń pe àkàbà ní àkàsọ̀. Ohun kan náà ni.

Ta ló yẹ kó ṣe é?

Ẹni tó fẹ́ gùn ún. Ọ̀gá lè ti wò ó láàárọ̀, ẹni tó ń tọ́jú irinṣẹ́ lè ti sàmì sí i, ṣùgbọ́n ẹni tó wà lórí rẹ̀ ló máa já bọ́. Bí ẹ bá gba àkàbà lọ́wọ́ pẹ́ńtà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ẹ tún un yẹ̀ wò, nítorí ọ̀dà tó kán sórí ìtẹ̀sẹ̀ lè má tíì gbẹ.

Yàtọ̀ sí èyí, ó yẹ kí ilé iṣẹ́ ní ẹnìkan tó mọ àkàbà dunjú, tí yóò máa yẹ gbogbo wọn wò fínnífínní láti ìgbà dé ìgbà. Kí a kọ nọ́ńbà sára àkàbà kọ̀ọ̀kan, kí ẹni náà sì ní ìwé tó ń kọ ọjọ́ àti ohun tó rí sí. Láìsí nọ́ńbà, ẹnikẹ́ni kò ní mọ àkàbà tí ẹni náà kọ "èyí ti fẹ́ là" nípa rẹ̀ lóṣù tó kọjá.

Ẹ̀ẹ̀melòó ni kí n ṣe é lójúmọ́?

Lẹ́ẹ̀kan kí ẹ tó kọ́kọ́ gùn ún lọ́jọ́ náà, lẹ́yìn náà nígbàkígbà tí nǹkan bá yí padà: ó ṣubú, nǹkan kọ lù ú, òjò pa á, ẹlòmíràn lò ó, tàbí ẹ gbé e láti inú ẹrẹ̀ ìta wọ orí táìsì inú ilé. Kò pọn dandan kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀ látòkè délẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ wá mú ìṣó.

Àkàbà tó bá sun sáìtì mọ́jú, ẹ kà á sí èyí tí ẹlòmíràn ti lò.

Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ ná. Àkàbà tó dúró ti ògiri máa ń fi ẹ̀yìn rẹ̀ pamọ́. Ẹ fi àkísà nù ún: ẹrẹ̀, gíríìsì, omi ọṣẹ àti sìmẹ́ńtì tó ti gbẹ mọ́ ọn. Sìmẹ́ńtì ni kí ẹ fura sí jù, torí ó máa ń bo ojú ibi tó ti là. Ẹ gbọ̀n ọ́n dànù, kí ẹ wo abẹ́ rẹ̀.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ̀. Lẹ́yìn ẹsẹ̀, òpó: ẹ di ojú kan, kí ẹ fi èkejì wò ó lọ gbọọrọ bí kápẹ́ńtà ṣe ń wo pákó. Bó bá tẹ̀ bí ọrun tàbí tó lọ́, ẹ óò rí i. Lára àlùmíníọ̀mù, ẹ fi ìka tẹ̀ lé etí òpó látìsàlẹ̀ dókè. Etí yẹn ló ń gbé ẹrù, nítorí náà ibi tó kó wọnú létí léwu ju ibi tó kó wọnú láàárín lọ.

Lẹ́yìn náà, ìtẹ̀sẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ kà wọ́n, kí ẹ wò ó bóyá àyè àárín wọn dọ́gba. Ẹ di ọ̀kọ̀ọ̀kan mú, kí ẹ gbìyànjú àtiyí i, kí ẹ sì fà á síwá sẹ́yìn. Èyí tó bá mì, kódà díẹ̀, ti sọ ohun tó fẹ́ sọ. Ẹ wo ibi tí ó ti wọ inú òpó dáadáa, torí ibẹ̀ ni àkàbà ti sábà máa ń là, kì í ṣe àárín.

Kẹ́yìn, ẹ gbé e dúró, ẹ fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ ìtẹ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí ẹ rọra tẹ ara mọ́ ọn. Ẹ fetí sílẹ̀. Bó bá ń dún wínríwínrí tàbí tí òpó kan rì ju èkejì lọ, ẹ sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ wá ìdí rẹ̀. Ìtẹ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ yìí nìkan ni kí ẹ fi ara dán wò.

Rọ́bà ẹsẹ̀ àkàbà mi ti yọ. Ṣé ó burú tó bẹ́ẹ̀?

Ó burú gan-an. Rọ́bà yẹn ló ń di ilẹ̀ mú. Orí táìsì, ẹnu àlùmíníọ̀mù lásán máa ń yọ̀ bí ọṣẹ, ó sì máa ń yọ̀ nígbà tí ènìyàn bá ti dé òkè, torí ìgbà yẹn ni ìsàlẹ̀ ń tì síta jù. Bí ọ̀kan bá yọ tí èkejì wà, àkàbà ti fi ẹsẹ̀ kan gùn ju èkejì nìyẹn.

Bí rọ́bà kò bá tiẹ̀ yọ, ẹ wò ó bóyá ilà ara rẹ̀ ti pa rẹ́, bóyá irin ti ń yọjú láti inú rẹ̀, bóyá oòrùn ti gbẹ ẹ́ débi tó ń là, tàbí òkúta kékeré ti há sí i. Ẹsẹ̀ tó ń yí láti fi jókòó sílẹ̀ gbọ́dọ̀ yí ní ìrọ̀rùn, bóòtù irin tó dè é kò sì gbọdọ̀ tú.

Ẹ má fi táyà gígé, àkísà tàbí ọ̀rá wé e. Táyà tí a kò so mọ́ bóòtù yóò fò jáde lábẹ́ rẹ̀. Ẹ wá rọ́bà tó jẹ́ ti irú àkàbà yẹn gan-an. Kó tó dé, kí àkàbà náà sinmi.

Àkàbà tí kápẹ́ńtà fi pákó kàn fún wa ní sáìtì ńkọ́?

Irú èyí ló pọ̀ jù ní sáìtì ilé kíkọ́ lọ́dọ̀ wa, òun ló sì ń fẹ́ àyẹ̀wò jù, nítorí ọwọ́ ẹni tó kàn án nìkan ló mọ bó ṣe lágbára tó. Ẹ kọ́kọ́ wo bí ìtẹ̀sẹ̀ ṣe jókòó. Bí wọ́n bá kàn fi ìṣó kàn án mọ́ iwájú òpó lásán, ìṣó nìkan ló ń gbé yín. Bí pákó bá ṣe ń gbẹ tó ń rọ̀, ìṣó á máa jáde díẹ̀díẹ̀, títí ìtẹ̀sẹ̀ á fi yọ lọ́jọ́ kan láìdún. Èyí tó dára ni kí wọ́n kan pákó kúkúrú mọ́ òpó láàárín ìtẹ̀sẹ̀ kan àti èkejì, kí ìtẹ̀sẹ̀ lè jókòó lé e. Àwọn kan máa ń gé òpó kí ìtẹ̀sẹ̀ lè wọ inú rẹ̀. Bí wọ́n bá gé e jìn jù, òpó ni wọ́n sọ di aláìlágbára.

Ẹ wo orí ìṣó gbogbo. Èyí tó ti yọ sókè, èyí tí ìpata yí ká, èyí tó la pákó nígbà tí wọ́n ń kàn án: àmì ni gbogbo wọn. Ẹ wo ojú igi náà: kókó ńlá lára òpó, tàbí ìlà igi tó gba ẹ̀gbẹ́ jáde dípò kó lọ gbọọrọ, lè mú kó dá lójijì láìkọ́kọ́ tẹ̀. Àkàbà tí wọ́n fi pákó dẹ́kìn àtijọ́ kàn, ẹ má gùn ún. Ihò ìṣó ti pọ̀ lára pákó yẹn, omi sìmẹ́ńtì sì ti wọ̀ ọ́ lára léraléra.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá ikán àti jíjẹrà. Ẹsẹ̀ òpó tó ń dúró sórí ilẹ̀ tútù ló ń kọ́kọ́ rà. Ẹ fi òkúta kan án: igi tó le máa ń dún gan-an, èyí tí ikán ti jẹ inú rẹ̀ á dún bí àgbá òfìfo. Ẹ ti ẹnu ọ̀bẹ bọ̀ ọ́. Bó bá wọlé láìsí wàhálà, ó ti tán. Ìyẹ̀fun kékeré lẹ́nu ihò tín-ín-tìn-ìn-tín lè túmọ̀ sí pé kòkòrò ṣì wà nínú rẹ̀.

Àyè láàárín ìtẹ̀sẹ̀ gbọ́dọ̀ dọ́gba, láàárín cm 25 sí 35. Ọ̀kan ṣoṣo tó bá jìnnà ju ìyókù lọ ni ẹsẹ̀ yóò ṣì nígbà tí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, torí ẹsẹ̀ kì í wò, ó ń rántí ni.

Ti ọparun ńkọ́?

Ẹ wo okùn ju igi lọ. Okùn tí oòrùn àti òjò ti pa máa ń dà bíi pé ó wà ní pípé títí ẹ óò fi fà á. Ọparun fúnra rẹ̀ máa ń là gbọọrọ láti oríkèé dé oríkèé. Bí ìlà bẹ́ẹ̀ bá ti yọ lára òpó, ẹ jù ú nù. A kò gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti fi í ṣe iṣẹ́ tó ga ju orí ènìyàn lọ.

Ṣé mo lè kun àkàbà pákó ní ọ̀dà kí ó lè pẹ́?

Rárá. Ọ̀dà máa ń bo ojú ibi tó ti là àti ibi tó ti rà. Fáníìṣì tó mọ́ gaara ni kí ẹ lò, kí a ṣì lè rí igi lábẹ́ rẹ̀. Bí ẹnìkan bá fẹ́ ta àkàbà pákó tó ti kun fún yín, ẹ má rà á.

Kí ni kí n wò lára àkàbà aláwẹ́ méjì tó ń dá dúró?

Apá tó so awẹ́ iwájú mọ́ ti ẹ̀yìn. Ó gbọ́dọ̀ nà tán, kó sì tì. Bó bá tẹ̀, tí ìṣó rẹ̀ tú, tàbí tí wọ́n fi okùn rọ́pò rẹ̀, awẹ́ méjèèjì lè ya lábẹ́ yín. Ẹ gbé e dúró sórí ilẹ̀ tó tẹ́, kí ẹ fi ọwọ́ ti igun orí rẹ̀: ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀. Ẹ má fi bíríkì tàbí bébà ká ẹsẹ̀ kan sókè, ibòmíràn ni kí ẹ wá.

Ẹ má pa á dé kí ẹ fẹ̀yìn rẹ̀ ti ògiri bí àkàbà gbọọrọ. Ẹ má sì dúró sí orí rẹ̀ pátápátá tàbí sórí ìtẹ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Bí iṣẹ́ bá ga débi tí ẹ fi ní láti dúró síbẹ̀, àkàbà yẹn ló kúrú.

Èyí tó ń fà gùn ńkọ́?

Ìkọ́ méjèèjì gbọ́dọ̀ kọ́ ìtẹ̀sẹ̀ kan náà, kí wọ́n sì wọlé tán. Ìkọ́ kan tó wọlé tí èkejì gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ni ó ń mú kí awẹ́ òkè já wá sílẹ̀ bí ọ̀bẹ, lé ìka tó bá wà níbẹ̀. Ẹ wo sípíríìngì ìkọ́, ẹ wo okùn láti òpin kan dé èkejì, kí ẹ yí kẹ̀kẹ́ tí okùn ń gbà kọjá.

Awẹ́ méjèèjì gbọ́dọ̀ bora, ó kéré tán, cm 90. Àkàbà tó bá gùn ju mítà 11 lọ ń fẹ́ ju bẹ́ẹ̀. Ẹ má sì yọ awẹ́ òkè kúrò láti lò ó nìkan: púpọ̀ nínú wọn kò ní rọ́bà lẹ́sẹ̀.

Kí ni ìtumọ̀ nọ́ńbà tó wà lára lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀?

Ìwọ̀n tí ó lè gbé ni. Àkàbà tó tẹ̀ lé ìlànà ilẹ̀ Yúróòpù, EN 131, ń gbé kg 150. Ti Amẹ́ríkà pín sí márùn-ún: Type III ń gbé kg 91, Type II kg 102, Type I kg 113, Type IA kg 136, Type IAA kg 170. Type III jẹ́ ti inú ilé, fún yíyí gílóòbù àti irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Kò yẹ ní sáìtì.

Kì í ṣe ìwọ̀n ara yín nìkan ni ẹ máa kà. Ẹni tó wọn kg 85, tó gbé irinṣẹ́ kg 8, tó sì fa garawa ọ̀dà oní-lítà 20 dání, tó lè wọn kg 28, ti di kg 121. Ó ti kọjá Type I. Bí lébẹ́ẹ̀lì bá ti yọ tí ẹnikẹ́ni kò sì mọ irú àkàbà tó jẹ́, ẹ yà á sọ́tọ̀.

Mo máa ṣiṣẹ́ nítòsí wáyà iná. Kí ni ó yí padà nínú àyẹ̀wò mi?

Àkàbà àlùmíníọ̀mù kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà, bó ti wù kó dára tó. Irin ni, iná máa gba inú rẹ̀ kọjá sára yín. Wáyà 11 kV àti 33 kV (ẹgbẹ̀rún 11 àti ẹgbẹ̀rún 33 fóòtì) tó ń gba ojú pópó wa kọjá kò ní rọ́bà lára, ó sì wà nítòsí báńkóníì ilé púpọ̀. Kò dìgbà tí àkàbà bá fara kàn án kó tó pani. Iná tó lágbára bẹ́ẹ̀ lè fò. Ẹ má jẹ́ kí àkàbà tàbí ara yín súnmọ́ ọn tó mítà 3, bí ẹ bá sì lè jìnnà jù bẹ́ẹ̀, ẹ jìnnà. Ẹ wo òkè kí ẹ tó gbé e dúró, kí ẹ sì bi ara yín pé: bí àkàbà mítà 6 yìí bá wó láti ibi yìí, kí ni orí rẹ̀ máa bá pàdé? Nígbà gbígbé e dúró ni ewu yìí ti pọ̀ jù.

Àkàbà fáíbà (fiberglass) ni àwọn oníṣẹ́ iná ń lò, ṣùgbọ́n òun náà ní àyẹ̀wò tirẹ̀. Oòrùn máa ń jẹ ojú rẹ̀ títí okùn fáíbà tín-ínrín yóò fi yọ síta, tí yóò máa gún ọwọ́. Ibi tó là tàbí tó jó tún ń gba omi sínú. Fáíbà tó ní ẹrẹ̀ tútù lára lè gbé iná, bí pákó tútù náà ṣe lè gbé e. Ẹ nù ún kó gbẹ kí ẹ tó lò ó.

Àkàbà dára, ṣùgbọ́n ibi tí mo fẹ́ gbé e sí ńkọ́?

Ara àyẹ̀wò ni. Bí ibi tí orí àkàbà fẹ̀yìn tì bá ga ní mítà 4, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ jìnnà sí ògiri ní mítà 1. Bó bá ga ní mítà 6, mítà kan àbọ̀. Láti mọ̀ láìsí ìwọ̀n, ẹ fi ìka ẹsẹ̀ kan ẹsẹ̀ àkàbà, kí ẹ dúró ṣánṣán, kí ẹ na apá méjèèjì síwájú ní ìpele èjìká. Àtẹ́lẹwọ́ yín gbọ́dọ̀ kan ìtẹ̀sẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ bọ́ sórí òrùlé tàbí dẹ́kìn láti orí rẹ̀, kí ó yọ tó mítà 1 kọjá etí ibẹ̀, kí ẹ sì fi okùn so orí rẹ̀ kó má lè yọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ má fẹ̀yìn rẹ̀ ti táńkì omi oníke, páìpù omi òjò tàbí gíláàsì. Bó bá wà nítòsí ilẹ̀kùn, ẹ ti ilẹ̀kùn náà tàbí kí ẹnìkan dúró tì í.

Ó já bọ́ láti orí ọkọ̀, ṣùgbọ́n n kò rí nǹkan kan lára rẹ̀. Ṣé kí n lò ó?

Ẹ wọ̀n ọ́n kọ́rọ́sì. Ẹ fa tépù láti ẹsẹ̀ òsì dé orí ọ̀tún, lẹ́yìn náà láti ẹsẹ̀ ọ̀tún dé orí òsì. Ìwọ̀n méjèèjì gbọ́dọ̀ bára mu. Bí wọn kò bá bára mu, àkàbà ti wọ́, bí ojú kò tilẹ̀ rí i.

Lára àlùmíníọ̀mù, ẹ wo ojú ribẹ́ẹ̀tì (ìṣó tí wọ́n tẹ̀ pa láti so irin mọ́ irin) lọ́kọ̀ọ̀kan. Èérí dúdú bí ẹ̀ẹ́dú tó yí orí rẹ̀ ká fi hàn pé irin ń ha irin níbẹ̀: ó ti tú. Láti rí ibi tó là bí irun, ẹ fi omi dúdú bíi yíńkì pa á, kí ẹ nù ún kíá. Ilà dúdú yóò ṣẹ́kù sínú rẹ̀. Bí ẹ bá ṣe gbogbo èyí tí ọkàn yín kò sì balẹ̀, ẹ yà á sọ́tọ̀.

Ṣé wẹ́ẹ̀dà lè jó ibi tó là?

Kí ó má jó o. Ooru máa ń pa agbára àlùmíníọ̀mù ní àyíká ibi tí a jó, nítorí náà ibẹ̀ tàbí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni yóò tún là, lórí ẹrù tó kéré sí ti tẹ́lẹ̀. Òpó tó tẹ̀ tí wọ́n sì lù kó nà padà kò yàtọ̀ síyẹn. Wáyà àti tépù tí wọ́n fi so ìtẹ̀sẹ̀ kò gbé nǹkan kan.

Ohun tí a lè pààrọ̀ ni rọ́bà ẹsẹ̀, okùn, ìkọ́ àti bóòtù, bí wọ́n bá jẹ́ ti irú àkàbà náà. Fún ti pákó, kápẹ́ńtà tó mọṣẹ́ lè yọ ìtẹ̀sẹ̀ tó bàjẹ́ kó fi odindi tuntun sí i. Kíkan pákó lé orí èyí tó là kì í ṣe àtúnṣe.

Kí ni kí n ṣe sí àkàbà tó ti bàjẹ́?

Ẹ kọ "MÁ GÙN ÚN" sára rẹ̀ gàdàgbà, kí ẹ tì í mọ́ ibi tí ọwọ́ kò tó. Bí kò bá ní àtúnṣe, ẹ fi ayùn gé òpó rẹ̀ sí méjì. A kò sọ èyí ṣeré. Àkàbà tí a kàn jù sí ẹ̀yìn ilé kì í pẹ́ kí ẹnìkan tó gbé e lọ lò, ẹni náà kò sì mọ ohun tí ẹ rí.

Ọ̀gá ní kí n gùn ún bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ ń pẹ́. Kí ni mo lè sọ?

Ẹ fi ibi tó bàjẹ́ han ọ̀gá, ẹ má kàn sọ pé ẹ̀rù ń bà yín. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìtẹ̀sẹ̀ kẹta ń mì, ẹ wá fọwọ́ kàn án" máa ń ṣiṣẹ́ ju àríyànjiyàn lọ. Ẹ dá nǹkan mìíràn lábàá lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀: àkàbà mìíràn, tàbí iṣẹ́ ìsàlẹ̀ tí ẹ lè kọ́kọ́ ṣe.

Ní Nàìjíríà, òfin Factories Act ní kí agbanisíṣẹ́ pèsè ọ̀nà tí kò léwu fún òṣìṣẹ́ láti dé ibi iṣẹ́ rẹ̀, ní àwọn ilé iṣẹ́ tó wà lábẹ́ òfin náà. Employees' Compensation Act ti ọdún 2010, tí àjọ ìjọba NSITF (Nigeria Social Insurance Trust Fund) ń bójú tó, wà fún owó ìtọ́jú àti owó gbà-má-bínú fún ẹni tó farapa lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀yin tó ń ṣiṣẹ́ ní Bìrìtìkó, Work at Height Regulations 2005 ni kí ẹ dárúkọ fún ọ̀gá yín.

Àkàbà mi yege gbogbo àyẹ̀wò. Ṣé mo lè fi ṣe iṣẹ́ èyíkéyìí?

Rárá. Bí iṣẹ́ bá máa gbà ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ lójú kan, bí ẹrù ọwọ́ bá ju kg 10 lọ, tàbí bí kò bá ṣeé ṣe kí ọwọ́ kan máa di àkàbà mú, sikáfóòdù (pèpéle tí a fi páìpù tàbí igi gbé ró) ni kí ẹ béèrè. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí ẹ bá ní láti tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ débi tí ìdodo yín yóò fi kọjá òpó: ẹ sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ sún àkàbà, kí ẹ tún wo ẹsẹ̀ rẹ̀ kí ẹ tó padà gùn ún.